Láíkìn àti àrùn jẹjẹrẹ: ohun tó ń pa sẹ́ẹ̀lì náà ló ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́

Kò tíì sí oògùn jẹjẹrẹ kankan tó ti ara láíkìn (lichen), ẹ̀dá tó ń lẹ̀ mọ́ ara igi àti òkúta, wá tí àjọ ìjọba tó ń mójú tó oògùn fọwọ́ sí, ì báà jẹ́ ní Nàìjíríà, ní Amẹ́ríkà tàbí ní ilẹ̀ Yúróòpù. Ìyẹn ló yẹ ká kọ́kọ́ mọ̀, torí ohun tí àwọn tó ń tà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì ń sọ kò jọ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, irọ́ pọ́ńbélé kọ́ ni wọ́n ń pa. Òótọ́ ni pé àwọn èròjà kan nínú láíkìn ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ nínú láàbù, ó sì ti tó bí àádọ́ta ọdún tí àwọn onímọ̀ ti ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni ọ̀nà tí usnic acid, èyí tó gbajúmọ̀ jù nínú wọn, ń gbà pa sẹ́ẹ̀lì ọ̀hún. Ọ̀nà yẹn náà ló ń gbà ba ẹ̀dọ̀ ẹni tó gbé e mì jẹ́.

Láíkìn kì í ṣe ewé, kì í sì í ṣe egbòogi bí ewúro tàbí dóńgóyárò. Ẹni tó bá ti wo ara igi obì tó ti dàgbà, tàbí òkúta tí òjò àti oòrùn ń pa lójoojúmọ́, á ti rí i: nǹkan pẹlẹbẹ aláwọ̀ eérú tó lẹ̀ típẹ́típẹ́, tí èékánná kò lè tètè há kúrò. Àwọn láíkìn ẹ̀yà Usnea ní tiwọn máa ń so rọ̀ láti ara ẹ̀ka ni. Ní nǹkan bí ọdún 1867 ni Simon Schwendener, ọmọ ilẹ̀ Switzerland, sọ ọ́ síta pé ẹ̀dá méjì ló ń gbé pọ̀ nínú rẹ̀, olú kan àti algae kan, irú ẹ̀dá tó máa ń sọ ojú omi adágún di aláwọ̀ ewé. Ọ̀pọ̀ àwọn àgbà onímọ̀ láíkìn ìgbà náà ló kọ̀ ọ́ fún un. Olú ló ń kọ́ ilé, algae ló ń fi ìtànṣán oòrùn pèsè oúnjẹ. Lọ́dún 2016, Toby Spribille àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún fi hàn pé ẹ̀yà ìwúkàrà kan wà nínú èèpo ọ̀pọ̀ láíkìn, tí ẹnikẹ́ni kò kíyè sí látọjọ́ yìí wá.

Láíkìn kì í yára dàgbà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í fẹ̀ ju mìlímítà díẹ̀ lọ lọ́dún. Ohun tó lọ́ra tó báyẹn, tí kò lè sá fún kòkòrò, bakitéríà tàbí oòrùn, èròjà ló kù tó máa fi gbèjà ara rẹ̀. Olú inú rẹ̀ ló ń ṣe èròjà náà, ó sì ń tò ó ní wóró wóró sí ìta àwọn fọ́nrán ara rẹ̀. Èyí tí wọ́n ti dá mọ̀ ti lé ní 1,000, púpọ̀ nínú wọn ni kò sì sí lára ẹ̀dá míì. Usnic acid ló gbajúmọ̀ jù, ìyeyè ni àwọ̀ rẹ̀, láti ọdún 1844 ni wọ́n sì ti yọ ọ́ sọ́tọ̀. Protolichesterinic acid wà nínú Cetraria islandica, láíkìn tí àwọn ará Iceland ti ń sè jẹ láti ìgbà pípẹ́. Atranorin wà nínú ọ̀pọ̀ àwọn aláwọ̀ eérú. Parietin ló ń kun Xanthoria parietina ní àwọ̀ ọsàn.

Bí wọ́n ṣe ń yọ ọ́

Ṣíṣà ló ń gba àkókò jù. Abẹ́ gíláàsì tó ń mú nǹkan tóbi ni wọ́n ti ń fi ọwọ́ yọ èèpo igi, iyẹ̀pẹ̀ àti kòkòrò kúrò lára láíkìn. Wọ́n á sá a síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ lábẹ́ òjìji, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á wá rẹ ẹ́ sínú acetone, omi olóòórùn tí àwọn tó ń ṣe èékánná fi ń pa ọ̀dà rẹ́. Omi lásán kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn. Ní 25°C, mìlílítà 100 omi kò lè yọ́ tó gíráàmù 0.01 usnic acid. Iye acetone kan náà á yọ́ gíráàmù 0.77, ethanol á yọ́ 0.02 péré. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ó ní ohun tó ń sọ fún ẹni tó ń mu ún ní àgbo. Ẹni tó bá se láíkìn, tó mu omi rẹ̀, tó da gèdègédè rẹ̀ nù, usnic acid díẹ̀ ló wọ ikùn rẹ̀. Ẹni tó gbé ìyẹ̀fun rẹ̀ mì nínú kápúsù gbé gbogbo rẹ̀ mì ni.

Bí acetone bá ti fẹ́ lọ tán, àpòpọ̀ èròjà ló máa ṣẹ́ kù sí ìsàlẹ̀ ìgò. Nínú Usnea, usnic acid sábà máa ń jẹ́ ìpín 1 sí 3 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n láíkìn gbígbẹ. Ẹni tó bá fẹ́ gíráàmù kan ṣoṣo á nílò gíráàmù 33 sí 100 láíkìn gbígbẹ, ká tiẹ̀ ní kò sí èyí tó ṣòfò lójú ọ̀nà.

Kí wọ́n tó gbé e dé iwájú sẹ́ẹ̀lì, wọ́n gbọ́dọ̀ mọ ohun tó jẹ́. Àyẹ̀wò àkọ́kọ́ kò wọ́n rárá: wọ́n á kán potassium hydroxide ìpín 10 nínú ọgọ́rùn-ún sí ara láíkìn, wọ́n á wo àwọ̀ tó máa yọ. Parietin á di elésè àlùkò lójú ẹsẹ̀. Atranorin á yọ ìyeyè. Ti usnic acid ń fẹ́ kí wọ́n kán bílíìsì tẹ̀ lé e kí ìyeyè rẹ̀ tó jinlẹ̀. Àmọ́ láíkìn méjì tó jọra bí ìbejì lè ní èròjà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú, nítorí náà ọ̀nà TLC (thin-layer chromatography), tó ń ya èròjà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tí Chicita Culberson àti Hörður Kristinsson gbé kalẹ̀ lọ́dún 1970 ni wọ́n ṣì ń lò títí dòní. Wọ́n á kán omi acetone náà sórí abala gíláàsì tí wọ́n fi silica gel bò, wọ́n á ki ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ inú àpòpọ̀ toluene, dioxane àti acetic acid ní ìwọ̀n 180:45:5. Bí omi náà bá ṣe ń gun abala lọ, èròjà kọ̀ọ̀kan á dúró síbi tirẹ̀. Wọ́n á fọ́n sulphuric acid ìpín 10 nínú ọgọ́rùn-ún sí i, wọ́n á sì yan án ní 110°C kí àwọ̀ tó hàn. Ẹni tó bá fo ìgbésẹ̀ yìí, tó kàn kọ Usnea sára ìgò torí pé ó rí bẹ́ẹ̀ lójú, iṣẹ́ tó bá ṣe lẹ́yìn rẹ̀ kò ní ìdí tó fi máa dúró.

Àwo oníhò 96

Nígbà tí ìròyìn bá sọ pé èròjà kan pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ, ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Wọ́n á pín sẹ́ẹ̀lì bí ẹgbẹ̀rún mélòó kan sínú ihò kọ̀ọ̀kan nínú àwo ike oníhò 96, wọ́n á fún un ní wákàtí 24 kó fìdí mọ́lẹ̀. Wọ́n á yọ́ èròjà náà nínú DMSO, omi kẹ́míkà tó ń yọ́ ohun tí omi lásán kò lè yọ́, wọ́n á bù ú là mọ́ omi oúnjẹ sẹ́ẹ̀lì débi pé DMSO inú rẹ̀ kò ní ju ìpín 0.5 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, torí DMSO fúnra rẹ̀ ń pa sẹ́ẹ̀lì bó bá pọ̀. Lẹ́yìn wákàtí 48 tàbí 72, wọ́n á da MTT sí i. Ìyeyè ni MTT. Sẹ́ẹ̀lì tó wà láàyè ló ń sọ ọ́ di elésè àlùkò. Wọ́n á tú àwọ̀ náà, ẹ̀rọ á fi ìmọ́lẹ̀ 570 nm kà á. Ìwọ̀n èròjà tó mú kí àwọ̀ yẹn já sí ìdajì ni IC50.

Níbí gan-an ni ọ̀pọ̀ ìwé lórí láíkìn ti ń kọsẹ̀. Inú mitokọ́ńdíríà, ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń ṣe agbára, ni púpọ̀ nínú iṣẹ́ tó ń yí àwọ̀ MTT padà ti ń wáyé, mitokọ́ńdíríà yìí náà sì ni usnic acid máa ń kọ lù. Àwọ̀ lè ṣá kí sẹ́ẹ̀lì má tíì kú. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ á fi trypan blue, àró tó ń wọ sẹ́ẹ̀lì tó ti kú, ka sẹ́ẹ̀lì lábẹ́ awò, tàbí kó lo Annexin V, tó ń lẹ̀ mọ́ sẹ́ẹ̀lì tó ń kú, kó tó la ẹnu pé wọ́n ti kú. Ẹ̀wẹ̀, àwọn èròjà wọ̀nyí ní àwọ̀ tiwọn: parietin lè da ohun tí ẹ̀rọ ń kà rú bí wọn kò bá fi ihò kan sílẹ̀ tó ní èròjà ṣùgbọ́n tí kò ní sẹ́ẹ̀lì. Bí ìwọ̀n bá sì ti ga, usnic acid á dì sí ìsàlẹ̀ omi, sẹ́ẹ̀lì á wà lábẹ́ pàǹtírí, nọ́ńbà tó bá jáde kò ní ìtumọ̀. Omi ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pò mọ́ oúnjẹ sẹ́ẹ̀lì náà ní ọwọ́ nínú rẹ̀, torí albumin, èròjà purotéènì inú rẹ̀, máa ń so mọ́ irú èròjà ọlọ́ràá bẹ́ẹ̀. Láàbù méjì tí omi ẹ̀jẹ̀ wọn kò dọ́gba lè rí IC50 tó jìn síra.

Ká wá gbà pé iṣẹ́ náà mọ́. Ìlà tí ilé iṣẹ́ ìwádìí jẹjẹrẹ ti ìjọba Amẹ́ríkà, NCI, fà ni pé kí èròjà tó dá dúró ní IC50 tí kò ju máíkírógíráàmù 4 lọ nínú mìlílítà kan, kó tó yẹ ní ohun tí wọ́n ń tẹ̀ lé. Ní Iceland, lọ́dún 2010, usnic acid gba nǹkan bíi 4 lórí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ọmú T-47D, ó sì gba nǹkan bíi 5 lórí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ pancreas Capan-2. Orí ìlà ló dúró sí yẹn. Bí a bá sọ 4 yẹn di ìwọ̀n tí àwọn oníkẹ́míkà ń lò, ó jẹ́ nǹkan bíi 12 µM (micromolar). Paclitaxel, tí ilé ìwòsàn ń lò lójoojúmọ́, ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ ní nM (nanomolar, ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún µM) mélòó kan péré, ìyẹn bí ìlọ́po ẹgbẹ̀rún kéré sí i. Nígbà tí wọ́n kó èròjà láíkìn mẹ́rin kò ara wọn lójú ní Košice, ní Slovakia, lọ́dún 2011, lórí ẹ̀yà sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ mẹ́sàn-án, usnic acid àti atranorin ló borí parietin àti gyrophoric acid.

Kí ló dé, nígbà náà, tí wọn kò pa usnic acid tì? Ohun kan tí àwọn ará Scotland rí lọ́dún 2005 wà lára ìdí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ oògùn jẹjẹrẹ ló ń ba DNA jẹ́, tí wọ́n á sì máa retí kí p53, ọlọ́pàá inú sẹ́ẹ̀lì, rí ìbàjẹ́ náà kó sì dá sẹ́ẹ̀lì lẹ́jọ́ ikú. Àmọ́ nínú bí ìdajì jẹjẹrẹ èèyàn, p53 ti bàjẹ́. Usnic acid kò ba DNA jẹ́ ní tirẹ̀, ó sì ṣiṣẹ́ lórí sẹ́ẹ̀lì tí p53 rẹ̀ pé àti èyí tí kò ní i rárá. Parietin náà ní ọ̀nà tó dá yàtọ̀: lọ́dún 2015, àwọn onímọ̀ ní Emory, ní Amẹ́ríkà, fi hàn pé ó ń dí 6PGD lọ́wọ́, ẹ́ńsáìmù tí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ nílò láti fi ṣe ọ̀rá tó máa fi kọ́ ara rẹ̀. Protolichesterinic acid ń dí ẹ́ńsáìmù míì tó ń jẹ́ 5-lipoxygenase lọ́wọ́. Ní tèmi, àwọn méjì yìí ni mo rò pé ó yẹ kí owó ìwádìí máa lọ sí jù, ká má máa tún usnic acid dán wò lórí sẹ́ẹ̀lì tuntun lọ́dọọdún.

Ẹ̀dọ̀

Mitokọ́ńdíríà ló ń ṣe ATP, agbára tí sẹ́ẹ̀lì ń ná. Ó máa ń ti proton, hóró tín-tìn-tín tó ní agbára iná lára, jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan awọ inú rẹ̀, proton á wá gba ẹnu ọ̀nà pàtó kan padà, bó ṣe ń gbabẹ̀ wọlé ni ATP ń jáde. Usnic acid jẹ́ ásíìdì tí kò lágbára, tó sì fẹ́ràn ọ̀rá. Ó máa ń gbé proton gba inú awọ náà gan-an kọjá, láì gba ẹnu ọ̀nà. Oúnjẹ ń jó, ooru ń jáde, ATP kò sí: jẹnẹrétọ̀ ń pariwo, epo ń lọ, gílóòbù kankan kò tàn.

Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ tó ń fẹ́ agbára láti pọ̀ sí i kò lè fara da irú èyí. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ náà kò lè fara dà á, mitokọ́ńdíríà sì kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Ohun tó sì mú un burú ni pé ẹ̀dọ̀ ni ẹ̀jẹ̀ tó ti inú ìfun wá ń kọ́kọ́ kàn. Ohun tí a bá gbé mì, òun ló máa ń tọ́ ọ wò, kó tó dé ibi tí kókó jẹjẹrẹ wà.

Ẹ̀rí rẹ̀ ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Láàárín ọdún 1933 sí 1938, dinitrophenol, tó ń tú proton bákan náà, ni wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà fún àwọn tó fẹ́ fọn. Ó pa èèyàn, ó fọ́ èèyàn lójú. Ọ̀rọ̀ tún padà wá lórí usnic acid. LipoKinetix, oògùn ìfọn tó ní iyọ̀ usnic acid, kaféìnì, norephedrine, yohimbine àti diiodothyronine nínú, ni FDA, àjọ tó ń mójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, kìlọ̀ nípa rẹ̀ ní oṣù November ọdún 2001. Lọ́dún 2002, àwọn dókítà kọ ìròyìn èèyàn 7 tí ara wọn le tẹ́lẹ̀, tí ẹ̀dọ̀ wọn wú lẹ́yìn tí wọ́n lò ó. Ẹnì kan lè sọ pé èròjà yòókù ló fà á. Lọ́dún 2004, ìròyìn míì jáde nípa obìnrin kan tó lo usnic acid nìkan, mìlígíráàmù 500 lóòjọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kú, wọ́n sì ní láti pààrọ̀ rẹ̀ fún un.

Fún àwa tí a wà ní Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ náà tún ní ẹsẹ̀ kan sí i. Ìwádìí ìjọba lọ́dún 2018 rí i pé nínú àwọn tó wà láàárín ọmọ ọdún 15 sí 64, ìpín 8.1 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní àrùn mẹ́dọ̀wú B, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò sì mọ̀. Ẹ̀dọ̀ tó ti ń bá kòkòrò àrùn jà kò ní àyè láti tún gba èyí mọ́ra. Ẹni tó ń gba oògùn jẹjẹrẹ ní ilé ìwòsàn, tó tún ń lo kápúsù Usnea ní kọ̀rọ̀, ń dá wàhálà méjì sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: púpọ̀ nínú oògùn jẹjẹrẹ ló jẹ́ pé ẹ̀dọ̀ ló ń bá ara tú u palẹ̀, bí ẹ̀dọ̀ bá sì ti rọ, oògùn tí dókítà wọ̀n fún un á di àpọ̀jù. Ìtọ̀ tó dúdú, ojú tó di ìyeyè, èébì, ara yíyún àti àárẹ̀ tí kò lọ ni ká fi mọ̀ ọ́n. Kí onítọ̀hún dá kápúsù dúró lọ́jọ́ náà, kó gbé ìgò rẹ̀ lọ́wọ́ dé ilé ìwòsàn, kó sì ní kí wọ́n wo ALT, AST àti bilirubin, àwọn ohun tó ń fi ìlera ẹ̀dọ̀ hàn, nínú ẹ̀jẹ̀ òun. Dókítà kò ní bínú jù bí ẹ ṣe rò lọ; ohun tó ń dà wọ́n láàmú ni èyí tí aláìsàn fi pa mọ́.

Yàtọ̀ sí usnic acid, láíkìn máa ń fa ohun tó wà nínú afẹ́fẹ́ mọ́ra. Òjé àti cadmium ń jókòó sínú rẹ̀. Lẹ́yìn ìjàǹbá Chernobyl lọ́dún 1986, láíkìn tó kó ìtànṣán olóró sára ló mú kí ẹran reindeer, àgbọ̀nrín ilẹ̀ òtútù tó ń jẹ láíkìn, ní ilẹ̀ Sweden àti Norway di ohun tí kò ṣeé jẹ. Nítorí náà, láíkìn tí wọ́n ká lẹ́bàá títì márosẹ̀ kì í ṣe ohun tí ó yẹ kó wọ ẹnu ènìyàn.

Gbígbé e débi tó yẹ

Ẹni tó kọ́kọ́ fi hàn pé usnic acid ń dí kókó lọ́wọ́ nínú eku, lórí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró Lewis lọ́dún 1975, ni S. Morris Kupchan, ní yunifásítì Virginia. Lọ́dún 1972, ọkùnrin yìí kan náà ti yọ maytansine láti ara igi kan tí wọ́n ká ní Etiópíà. Maytansine lágbára ju usnic acid lọ fíìfíì, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fún èèyàn, oró rẹ̀ pọ̀ jù, wọ́n pa á tì. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, wọ́n so ọmọ rẹ̀ kan mọ́ trastuzumab, antibody (irú purotéènì tí ara fi ń dá ọ̀tá mọ̀) tó ń wá àmì kan tí wọ́n ń pè ní HER2 kiri lára sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ọmú, FDA sì fọwọ́ sí i lọ́dún 2013. Ọkọ̀ tó gbé e ló yí i padà.

Ó yá, kí ló dé tí wọn kò so usnic acid náà mọ́ antibody? Ìṣirò kò gbà á. Antibody kan ń gbé èròjà bíi 3 tàbí 4 péré. Ohun tó bá máa fi ìwọ̀nba bẹ́ẹ̀ pa sẹ́ẹ̀lì gbọ́dọ̀ lágbára ju nM kan lọ. Usnic acid wà ní 12 µM. Ìyẹn ló mú kí àwọn ará Recife, ní Bùràsíìlì, gba ọ̀nà míì: lọ́dún 2006 wọ́n kó o sínú àwọn hóró PLGA kéékèèké, ike tí ara lè tú palẹ̀, wọ́n sì fún eku tó ní irú jẹjẹrẹ kan tí wọ́n ń pè ní sarcoma 180. Kókó kéré sí i ju ti usnic acid lásán lọ, ìbàjẹ́ ẹ̀dọ̀ náà sì dín. Iṣẹ́ dáadáa ni, àmọ́ ẹ rántí pé ẹ̀dọ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ irú hóró bẹ́ẹ̀ máa ń kó sí bí wọ́n bá wọ inú ẹ̀jẹ̀.

Ní Novosibirsk, ní Rọ́ṣíà, wọn kò tiẹ̀ fẹ́ kí usnic acid pa ohunkóhun. Wọ́n ń yí apá kan lára rẹ̀ padà títí tó fi di ohun tó ń dí TDP1 lọ́wọ́, ẹ́ńsáìmù tí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ fi ń tún ìbàjẹ́ tí topotecan, oògùn jẹjẹrẹ kan, ṣe sí DNA rẹ̀ ṣe. Topotecan ni á ṣe iṣẹ́ pípa. Èyí á kàn dá alátùn-únṣe dúró. Nínú eku, àwọn méjèèjì pọ̀ ṣe ju topotecan nìkan lọ. Irú iṣẹ́ báyìí kò nílò ìwọ̀n tó máa da agbára inú ẹ̀dọ̀ rú, òun ló sì jẹ́ kí n gbà pé ó ṣeé tẹ̀ lé ju gbogbo yòókù lọ.

Ó ku ibi tí wọ́n á ti rí èròjà tó pọ̀. Usnic acid kò wọ́n. Àwọn tó ń yọ ọ́ lára Usnea ń tà á fún láàbù. Àwọn èròjà yòókù ni ìṣòro, torí kò sí ẹni tó lè dá oko láíkìn tó ń fẹ̀ ní mìlímítà díẹ̀ lọ́dún. Lọ́dún 1996, Solhaug àti Gauslaa ní Norway fi hàn pé láíkìn tó gbẹ dáadáa lè wẹ̀ nínú acetone, kí parietin rẹ̀ ṣí kúrò, kó sì wà láàyè, ṣùgbọ́n ìwọ̀n tí ìyẹn ń mú wá kò tó oògùn. Gíìnì (gene), àṣẹ inú DNA tó ń sọ èròjà tí ẹ̀dá máa ṣe, ni wọ́n wá yíjú sí. Lọ́dún 2016 wọ́n tọ́ka sí gíìnì méjì tó ń bẹ̀rẹ̀ usnic acid nínú Cladonia uncialis. Lọ́dún 2021, wọ́n kó gíìnì mẹ́ta láti ara Stereocaulon alpinum sínú Ascochyta rabiei, olú tó ń ba oko ẹ̀wà chickpea jẹ́, ó sì ṣe atranorin. Lọ́dún kan náà, àwọn míì mú kí ìwúkàrà tí wọ́n fi ń ṣe búrẹ́dì ṣe lecanoric acid, èròjà láíkìn míì. Ohun tí wọ́n ń lé báyìí ni kí agbada ìwúkàrà kan lè mú kìlógíráàmù jáde, kó mọ́ bákan náà láti agbada dé agbada, torí láìsí ìyẹn, kò sí àjọ tó máa gbà kí wọ́n fún aláìsàn kankan ní èròjà náà nínú ìdánwò.